Àjò Bastian Tí Kò Dé Ilé

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn kan mu, èyí tí ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan kọ fún àwọn ọmọdé, tí wọ́n sì sọ di fíìmù lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Michael Ende ni òǹkọ̀wé náà. Die unendliche Geschichte ni àkọlé ìwé rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí Ìtàn Tí Kò Lópin. Ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ Thienemann tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú Stuttgart. Ní ọdún 1984 ni fíìmù tí Wolfgang Petersen darí jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri àgbáyé ni ó mọ fíìmù náà. Wọ́n mọ dírágónì funfun onírun tí ń fò lójú ọ̀run, wọ́n sì mọ orin tí Limahl kọ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ fíìmù nìkan kò tíì mọ ibi tí ìtàn náà parí sí.

Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà, ó rọrùn. Bastian Balthasar Bux jẹ́ ọmọkùnrin bí ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ó kúrú, ó sanra, ẹ̀rù a máa bà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé a sì máa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ṣíṣe eyín àtọwọ́dá, wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ti dí i lẹ́nu. Bàbá àti ọmọ jọ ń gbé inú ilé kan náà bí ẹni pé ògiri wà láàrin wọn. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ tí ń fìyà jẹ ẹ́ lé e, Bastian sá wọ ilé ìtàwé ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Koreander. Ó rí ìwé kan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó jí i, ó sì gun àjà ilé ìwé rẹ̀ lọ láti kà á.

Ìwé tí ó jí náà ń sọ̀rọ̀ nípa Phantásien, ilẹ̀ àròsọ tí kò ní ààlà. Òfo ń jẹ ilẹ̀ náà run díẹ̀díẹ̀. Ọbabìnrin rẹ̀, tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé, ń ṣàìsàn. Oògùn kan ṣoṣo tí ó lè wò ó sàn ni orúkọ tuntun, ọmọ ènìyàn nìkan ni ó sì lè sọ ọ́ lórúkọ yìí. Atréju, ọ̀dọ́mọdé ọdẹ, ni wọ́n rán láti wá ìwòsàn náà. Orí 26 ni ìwé náà ní, orí kọ̀ọ̀kan sì fi lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀, láti A títí dé Z. Tàdáwà àwọ̀ méjì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: ọ̀kan fún ayé Bastian, èkejì fún ayé Phantásien. Ní òpin orí kejìlá ni Bastian ké orúkọ tuntun tí ó fún Ọbabìnrin, tí òun fúnra rẹ̀ sì bọ́ sínú ìtàn tí ó ń kà. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù ti ń palẹ̀ mọ́. Orí 14 ṣì kù nínú ìwé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé olólùfẹ́ ìwé yìí kórìíra fíìmù náà. Ohun tí ó dára, ó yẹ kí a pè é ní dídára. Owó tí wọ́n ná lé e lórí tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù máàkì, èyí tí ó fi í sí àwọn fíìmù tí ó náni lówó jù lọ ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, ojú sì rí i pé owó náà kò ṣòfò. Noah Hathaway tí ó ṣe Atréju gbé ìgboyà àti àárẹ̀ ọmọ náà yọ. Ní Àbàtà Ìbànújẹ́, níbi tí ẹṣin Atréju ti ń rì, ọmọdé tí ó dúró nínú ẹrẹ̀ tí ó ń fa okùn, tí ó ń bẹ ẹṣin rẹ̀ kí ó má jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìbànújẹ́, jẹ́ àwòrán tí kì í tètè kúrò lọ́kàn ẹni tí ó bá rí i. Nínú ìwé, ẹṣin náà a máa sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí olówó òun fi òun sílẹ̀ kí ó máa lọ. Fíìmù gba ohùn lẹ́nu ẹṣin, ó fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dá wa lóró. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni èyí, ó sì tọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó ní fíìmù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà ìwé láìyẹsẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ní àǹfààní láti fi ọgbọ́n tirẹ̀ tún ọ̀rọ̀ tò, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sọ kókó iṣẹ́ náà nù sọ́nà.

Ẹ̀sùn tí olólùfẹ́ ìwé ní sí fíìmù náà ni pé kókó iṣẹ́ náà gan-an ni ó sọnù. Àwọn ìyípadà kéékèèké ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyípadà àkọ́kọ́ wà lára Bastian fúnra rẹ̀. Barret Oliver tí ó ṣe ipa rẹ̀ jẹ́ ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Ẹni tí kò ka ìwé lè ní kí ni ó kan ìtàn pẹ̀lú ọ̀rá ara ọmọ. Ó kàn án púpọ̀. Nígbà tí Bastian inú ìwé dé Phantásien, ọ̀kan nínú àwọn ohun àkọ́kọ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ni kí òun di arẹwà. Ó sì dà bẹ́ẹ̀. Lọ́gán tí ó di arẹwà, ó gbàgbé pé òun ti sanra rí, pé wọ́n ti fi òun ṣe ẹlẹ́yà rí. Ìtìjú tí ó gbé wọlé ni ó sọnù, òye tí ìtìjú náà fún un sì bá a lọ. Bí ọmọ bá ti lẹ́wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ó kù tí yóò fẹ́, kò sì sí ohun tí yóò gbàgbé.

Ìyípadà kejì jẹ́ ti olè jíjà. Nínú ìwé, Bastian jí ìwé Koreander gbé, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́bi. Ó rò pé òun kò lè padà sílé mọ́ nítorí pé olè ni òun. Nínú fíìmù, ó kọ ìwé pélébé sílẹ̀ fún bàbá náà pé òun yóò dá ìwé rẹ̀ padà. Olè ti di àyálò. Ó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ìtàn inú ìwé ní gbèsè tí ó gbọ́dọ̀ san kí ó tó parí. Ní òpin ìwé, Bastian fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà lọ bá Koreander láti jẹ́wọ́. Ó bá a, ó sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé òun pẹ̀lú ti dé Phantásien rí. Ẹni tí Bastian rò pé òun ṣẹ̀ ni ó di ẹnìkejì tí ó lè bá a sọ̀rọ̀ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọ tí kò jẹ̀bi kò ní ìdí láti padà lọ jẹ́wọ́, nítorí náà kò lè pàdé ọ̀rẹ́ náà.

Ìyípadà kẹta ni ó burú jù. Gbogbo ẹni tí ó wo fíìmù náà ni yóò rántí bí ó ṣe parí: Bastian gun dírágónì náà, èyí tí ń jẹ́ Fuchur nínú ìwé, tí fíìmù ń pè ní Falkor, ó fò wá sí àárín ìlú tirẹ̀, ó sì fi í lé àwọn ọmọ tí ń fìyà jẹ ẹ́ títí wọ́n fi bẹ́ sínú àpótí ìdọ̀tí. Àwọn ọmọdé a máa pàtẹ́wọ́. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Ẹni tí wọ́n ti ń lù láti ọjọ́ pípẹ́ ti rí agbára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Gmork, ìkookò ẹlẹ́tàn, sọ fún Atréju nínú ìwé. Gmork ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀dá Phantásien tí Òfo bá gbé mì kì í kú tán. Wọ́n a máa bọ́ sí ayé àwa ènìyàn, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń di irọ́. Wọ́n di ẹ̀tàn, wọ́n di ẹ̀rù tí kò ní ìdí, wọ́n di ohun tí àwọn alágbára fi ń darí ọkàn àwọn aláìlágbára. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pá tí ó gbé gbogbo ìwé náà ró. Ó ń sọ pé ìtàn àròsọ kì í ṣe irọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á já kúrò ní àyè rẹ̀, tí a mú un wá fi ṣe ohun ìjà láyé, irọ́ ni yóò dà. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí ìwé náà fún ara rẹ̀, dírágónì tí ń fò kiri lórí òrùlé ìlú àwọn ènìyàn ti di irọ́. Fíìmù fi ohun tí ìwé pè ní àjálù ṣe ayọ̀ ìparí rẹ̀.

Kí wá ni ó wà nínú orí 14 tí ó kù? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ó jẹ́ kí olólùfẹ́ ìwé máa ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ọbabìnrin fi Auryn, oǹdè ọrùn tí ó ní àwòrán ejò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bu ìrù èkejì jẹ, lé Bastian lọ́wọ́. Oǹdè náà fún un láṣẹ láti rí ohunkóhun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ gbà. Ó fẹ́ ẹwà, ó gbà á. Ó fẹ́ agbára, ó gbà á. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa bẹ̀rù òun, kí wọ́n sì máa pè é ní ọlọgbọ́n, gbogbo rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ ọkàn kọ̀ọ̀kan bá ti ń ṣẹ ni ìrántí kan nípa ayé tí ó ti wá ń sọnù. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ta ni ó lè mọ ohun tí ó ti gbàgbé? Nígbà tí Atréju, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kìlọ̀ fún un, ó pè é ní ọ̀tá. Nígbà tí Bastian fẹ́ fi ara rẹ̀ jọba Phantásien, ogun bẹ́ sílẹ̀, ó sì fi idà ṣá ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyà.

Lẹ́yìn ogun náà ni ó dé ìlú àwọn tí wọ́n ti jọba rí, tàbí tí wọ́n ti fẹ́ jọba rí. Àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ti náwó ìrántí wọn tán lórí ìfẹ́ ọkàn. Wọn kò lè fẹ́ ohunkóhun mọ́, nítorí pé ẹni tí kò ní àná kò lè ní ọ̀la. Wọn kò lè padà sílé. Ọ̀bọ kan ni ó ń ṣọ́ wọn, ó sì fún wọn ní ayò onílẹ́tà láti máa dà sílẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́tà náà yóò ṣèèṣì di ọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì ṣèèṣì di ìtàn. Kò sí àwòrán tí ó bani lẹ́rù tó èyí nínú fíìmù náà látòkè délẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Bastian. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìrántí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ọ̀nà. Ó dé ilé obìnrin kan tí ó tọ́jú rẹ̀ bí ìyá, níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ohun tí òun ń fẹ́ ní tòótọ́ ni kí òun lè fẹ́ràn ẹlòmíràn. Iye tí ìfẹ́ yẹn ná an ni ìrántí bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ibi ìwakùsà kan tí ó jẹ́ pé àwòrán àwọn àlá tí aráyé ti gbàgbé ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ó sì ń wa ilẹ̀ nínú òkùnkùn títí ó fi rí àwòrán ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun, tí ó mú eyín àtọwọ́dá lọ́wọ́, tí yìnyín sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ mọ́. Ó kàn mọ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ìrántí tí ó kẹ́yìn tí ó sọnù ni orúkọ ara rẹ̀.

Olùkàwé tí ó bá jẹ́ Yorùbá yóò dúró níbí yìí pẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ sì ni okùn tí ó so ọmọ mọ́ ilé tí a wò náà. Ọmọ tí kò ní orúkọ mọ́ kò ní ẹni tí yóò fi oríkì wú u lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnu ọ̀nà tí ó lè kàn kí wọ́n bi í pé ta ni, kí ó sì dáhùn. Bastian tí ó fi orúkọ tuntun gba Phantásien là ni ó wá dúró níwájú Omi Ìyè láìmọ orúkọ tirẹ̀. Atréju tí ó ṣá lọ́gbẹ́ ni ó dúró gbọn-in fún un, ni ó bá a dárúkọ rẹ̀, tí ó sì gbà láti parí gbogbo ìtàn tí Bastian bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Bastian bu Omi Ìyè sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì láti gbé e lọ fún bàbá rẹ̀. Ó dà nù lọ́nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó délé, tí ó ròyìn gbogbo àjò rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, omijé ń dà lójú ọkùnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ náà rí i, ó sì mọ̀ pé omi náà kò dà nù.

Nínú fíìmù, bàbá yìí jókòó jẹun àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á níyànjú kí ó yé lálàá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A kò rí i mọ́ títí fíìmù fi parí. Ẹni tí ìtàn náà ń lọ bá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti gbà á.

Ó hàn gbangba ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dun Ende tó bẹ́ẹ̀. Edgar Ende, bàbá rẹ̀, jẹ́ ayàwòrán tí àwòrán rẹ̀ jọ ohun tí a rí lójú àlá. Ìjọba Násì fòfin de iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1936, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní lè ka ọ̀rọ̀ ibi ìwakùsà àwòrán yẹn láìrántí bàbá òǹkọ̀wé. Ende kọ́kọ́ lọ́wọ́ sí kíkọ ìwé eré fún fíìmù náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ. Nígbà tí ó rí ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà, ó bínú, ó pè é ní ọjà lásán, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kò dá a láre. Òǹkọ̀wé tí ó kọ ìtàn nípa ọmọ tí ó sọ orúkọ rẹ̀ nù ni ó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1995.

Àwọn kan yóò ní fíìmù kan ṣoṣo kò lè gba orí 26. Òtítọ́ ni. Wọn yóò tún ní apá kejì jáde ní ọdún 1990, èyí tí George Miller, ọmọ Ọsirélíà, darí, ọ̀rọ̀ ìrántí tí ń sọnù sì wà nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe lò ó. Nínú fíìmù kejì yìí, àjẹ́ kan tí ń jẹ́ Xayide ni ó ní ẹ̀rọ tí ń fa ìrántí Bastian jáde ní ìkọ̀kọ̀. Nínú ìwé, Xayide wà, ó sì ń tan ọmọ náà jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń jí ìrántí rẹ̀. Ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀ ni ó ń gba owó rẹ̀. Fíìmù mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ìfẹ́ ọkàn, ó gbé e ka ọ̀tá lórí, nítorí pé ọ̀tá ṣeé pa. Olè tí ó di àyálò nínú fíìmù àkọ́kọ́ ni ó tún padà wá ní àwọ̀ mìíràn: ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ èrè, kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ju àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ ìwé lọ. Ìtàn tí ọmọdé bá gbọ́ ni ó fi ń mọ bí ayé ṣe rí kí ó tó dé inú rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-ògùn wọ igbó, ó rí eemọ̀, ó sì padà wálé. Pípadà yẹn ni ó jẹ́ kí ó rí ẹni tí yóò ròyìn fún. Ende tí kò jẹ nínú àṣà Yorùbá mọ òtítọ́ kan náà. Ó fi hàn pé ọmọ tí ìyà ń jẹ lè sá sínú ìtàn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó tún fi hàn pé ó lè sọnù síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé ìwé lónìí nílò apá méjèèjì. Fíìmù sọ fún un pé bí ó bá ní dírágónì, òun náà yóò lè lé àwọn ẹlòmíràn. Ìwé sọ fún un pé ẹni kan wà nílé tí kò lè sọ̀rọ̀, tí ó ń retí rẹ̀.

Wolfgang Petersen kú ní ọdún 2022. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n kéde pé ilé iṣẹ́ See-Saw Films àti Michael Ende Productions yóò jọ sọ ìwé náà di fíìmù lọ́tun, àti pé kì í ṣe fíìmù ẹyọ kan. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé náà, nítorí pé àyè lè wà fún orí 14 tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbàlódé yóò ya dírágónì tí ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Ìyẹn kò le. Ohun tí ó yẹ kí àwọn òbí àti olùkọ́ wò ni bóyá wọ́n yóò jẹ́ kí ọmọ náà sanra, kí ó jalè, kí ó gbàgbé orúkọ rẹ̀, kí ó sì padà wá jẹ́wọ́. Títí dìgbà náà, ìwé ṣì wà. Kí ẹni tí ó bá ti fi fíìmù han ọmọ fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, kí ó sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹtàlá.